Fídíò Ẹ̀kọ́ Tó Ń Ṣàn: Ìbéèrè Tí Àwọn Olùkọ́ Ìkòròdú Ń Bi Wá Lọ́pọ̀ Ìgbà, àti Ìdáhùn Wọn

Láti Ṣàbó dé Ìmọ́tà, ìbéèrè kan náà ni à ń gbọ́ lẹ́nu àwọn olùkọ́ tó fẹ́ máa kọ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. A kó wọn jọ síbí. Àwọn tó rọrùn ló ṣáájú, àwọn tó lẹ́gùn-ún wà nísàlẹ̀.

Kí ni wọ́n ń pè ní fídíò tó ń ṣàn gan-an?

Ẹni tó dúró kí garawa kún kó tó bu omi mu ni ẹni tó gba fídíò sílẹ̀ tán kó tó wò ó. Ẹni tó gbẹ́nu sí ẹnu ẹ̀rọ ni ẹni tó ń wo fídíò tó ń ṣàn: bí dátà ṣe ń dé ni àwòrán ń jáde, fóònù kàn ń tọ́jú ìwọ̀nba díẹ̀ sílẹ̀ de ọjọ́ iwájú. Bí omi ò bá yára tó bí ẹni náà ṣe ń mu ún, òbìrìkìtì yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú fóònù.

Orí ọ̀rọ̀ yìí ni gbogbo ìmọ̀ràn tó kù dúró lé. Fídíò yín gbọ́dọ̀ fúyẹ́ ju ohun tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì akẹ́kọ̀ọ́ tó jìnnà jù lọ lè gbé. Ọmọ tó wà létí ọ̀sà ní Bàyèkú ni kí ẹ fi ṣe òṣùwọ̀n, kì í ṣe Wi-Fi ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́.

Ṣé fóònù tí mo ní tó, àbí kí n ra kámẹ́rà?

Bó bá ń ya 1080p (àwòrán tó ní ìlà 1,080 láti òkè dé ìsàlẹ̀), ó tó. Kámẹ́rà ẹ̀yìn ni kí ẹ lò. Ti iwájú kì í sábà mọ́lẹ̀ tó o. Ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ rírọ̀ nu ojú rẹ̀, torí òróró ọwọ́ àti eruku àpò ló ń sọ àwòrán di bí ìgbà tí kùrukùru bo ilẹ̀, tí àwọn èèyàn á wá máa bú fóònù.

Ìṣẹ́jú kan 1080p lè jẹ nǹkan bíi 60 sí 130 MB, ó dá lórí fóònù. Ẹ rí i pé àyè 5 GB ṣófo kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé e sí airplane mode, kí ìpè ẹlòmíràn má baà já fídíò náà sí méjì.

Kí ni kí n kọ́kọ́ fi owó rà?

Máìkì. Akẹ́kọ̀ọ́ á fara da àwòrán tí ò mọ́, ṣùgbọ́n bí kò bá gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ, á pa á. Èyí tí wọ́n ń há mọ́ ọrùn aṣọ ló dára jù fún olùkọ́. Ẹ há a mọ́ àyà, nǹkan bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì sísàlẹ̀ àgbọ̀n, ìyẹn bíi 20 cm. Ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn àti aṣọ tí wọ́n fi sítáàṣì sí kò bá máìkì yìí rẹ́: gbogbo ìmira yín ló máa dún gbà-rà-rà létí ẹni tó ń gbọ́.

Ẹ wo ẹnu wáyà rẹ̀ tí ń wọ inú fóònù kí ẹ tó sanwó. Èyí tó ní òrùka dúdú mẹ́ta ni ti fóònù. Olórùka méjì jẹ́ ti kámẹ́rà, kò sì ní ṣiṣẹ́ lára fóònù àyàfi tí ẹ bá fi ohun tí ń yí i padà sí i. Fóònù tí kò ní ihò yíká nílò èyí tí ń lọ sínú ihò tí ẹ fi ń gba iná sí i, bíi Type-C. Níwájú ẹni tó ń tà á ni kí ẹ ti dán an wò: ẹ gba ohùn sílẹ̀, ẹ fi ìka kan máìkì náà pẹ́kẹ́pẹ́kẹ́, kí ẹ sì tẹ́tí sí i. Bí ìka yẹn ò bá dún gidi, fóònù kò dá máìkì mọ̀. Ti inú ara rẹ̀ ló ṣì ń lò. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti kọ́ni fún odidi táàmù kan pẹ̀lú máìkì tí kò ṣiṣẹ́ rí, wọn ò sì mọ̀.

Bí owó ò bá tíì sí, ẹ fi fóònù kejì sápò àyà kó máa gba ohùn. Ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan níwájú kámẹ́rà ní ìbẹ̀rẹ̀. Ibi tí ọwọ́ ti pàdé nínú àwòrán ni ẹ máa fi bá ìró pá! tó wà nínú ohùn dọ́gba.

Báwo ló ṣe yẹ kí fídíò kan gùn tó?

Ìṣẹ́jú mẹ́fà. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí edX, ìkànnì tí wọ́n ti ń kọ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2014 lẹ́yìn tí wọ́n wo mílíọ̀nù 6.9 ìgbà tí èèyàn ṣí fídíò, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ẹ̀kọ́ ogójì ìṣẹ́jú á di fídíò mẹ́fà tàbí méje, orí ọ̀rọ̀ kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àǹfààní mìíràn tún wà níbẹ̀: bí ẹ bá ṣi nǹkan kan sọ, kékeré kan lẹ máa tún yà, kì í ṣe gbogbo rẹ̀.

Ṣé kí fóònù dúró ní òòró àbí kó sùn sí ìbú?

Ìbú. Ìwé àti pátákó kò gba inú òòró.

Ibo nínú ilé ni kí n ti yà á? Ariwo àdúgbò wa pọ̀.

Kì í ṣe pálọ̀. Táìsì, gíláàsì àti ògiri lásán ń ju ohùn padà, ẹ ó sì dún bí ẹni tó wà nínú kànga. Yàrá tí ibùsùn, kọ́tìnì àti aṣọ tí wọ́n fi kọ́ wà nínú rẹ̀ ló dára. Bí ohùn bá ṣì ń dún padà, ẹ gbé fóòmù ibùsùn kan dúró sẹ́yìn kámẹ́rà, torí ibẹ̀ ni ohùn yín ń kọjú sí.

Ní ti ariwo, ẹ mọ àsìkò àdúgbò yín. Ìdájí dákẹ́ títí ìpè ìrun á fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ni ọkọ̀ máa bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ sójú títì. Lọ́pọ̀ àdúgbò, àárín aago mẹ́sàn-án sí méjìlá àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ ló dára jù: àwọn tó ń lọ Lagos ti lọ, wọn ò sì tíì tan jẹnẹrétọ̀ alẹ́. Ẹ ti fèrèsé tó kọjú sí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, ẹ ṣí èyí tó wà ní òdì kejì.

Fáànù gbọ́dọ̀ dákẹ́, fíríìjì náà gbọ́dọ̀ dákẹ́. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ilé sínú fíríìjì yẹn lẹ́yìn tí ẹ bá pa á; ẹ ò ní lè jáde láìrántí títàn án, ẹja inú rẹ̀ ò sì ní bàjẹ́.

Bí ọ̀kadà bá kọjá, ẹ má pa kámẹ́rà. Ẹ dúró, kó lọ tán, kí ẹ wá tún odindi gbólóhùn náà sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti àárín gbólóhùn ò ní rí ibi gé e sí, torí ohùn rẹ̀ ti yí. Kí ẹ tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí fóònù gba ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ìdákẹ́jẹ́ sílẹ̀. Òun ni Audacity, ètò àtúnṣe ohùn orí kọ̀ǹpútà, máa fi mọ ariwo tí ẹ fẹ́ kó yọ.

Kí ló dé tí ojú mi fi ṣókùnkùn nínú fídíò?

Fèrèsé wà lẹ́yìn yín. Ẹ kọjú sí i, kí kámẹ́rà kẹ̀yìn sí i.

Bó bá ṣì dúdú, ògiri funfun tàbí ṣẹ́ẹ̀tì funfun ló fà á. Kámẹ́rà máa ń rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á wá dín in kù, ojú aláwọ̀ dúdú ló sì ń jìyà rẹ̀. Ẹ fi ìka tẹ ojú ara yín lójú fóònù mọ́lẹ̀ pẹ́ títí tí yóò fi tì í pa, ẹ wá fa àwòrán oòrùn kékeré tó bá yọ sókè díẹ̀. Ògiri tó ní àwọ̀ àti aṣọ aláwọ̀ kan ló rọrùn jù. Àdìrẹ olóju wẹ́wẹ́ àti aṣọ onílà tín-ínrín dára lóde àríyá, ṣùgbọ́n nínú fídíò wọ́n máa ń gbọ̀n rìrì, wọ́n sì ń jẹ dátà tó yẹ kó lọ sí ojú àti pátákó.

Ìlà dúdú kan ń rìn lókè-sódò lórí fídíò mi. Ṣé fóònù ti bàjẹ́ ni?

Rárá, iná ló fà á. Iná mànàmáná Nàìjíríà jẹ́ 50 Hz, gílóòbù púpọ̀ sì ń tàn, ó ń rẹ̀, ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú wa ò rí i, ṣùgbọ́n fóònù tí wọ́n tò sí 30 àwòrán ní ìṣẹ́jú àáyá, tí ojú rẹ̀ ń ṣí fún 1/60, kò bá a mu. Ẹ lọ sí Pro nínú kámẹ́rà fóònù, ẹ fi shutter (àkókò tí ojú rẹ̀ fi ń ṣí) sí 1/50 tàbí 1/100, kí àwòrán sì jẹ́ 25 ní ìṣẹ́jú àáyá. Bí fóònù kò bá ní Pro, ẹ wá ibi tó sọ nípa flicker nínú ètò kámẹ́rà, ẹ mú 50 Hz.

Lábẹ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré, èyí ò ní ṣiṣẹ́ dáadáa, torí 50 rẹ̀ kì í dúró lójú kan: bí ẹ̀rọ omi bá ti gbéra, á já sílẹ̀. Ẹ lo ìmọ́lẹ̀ fèrèsé tàbí iná tó ń lo bátìrì. Ẹ tan iná bátìrì náà dópin. Bí ẹ bá dín in kù, òmíràn nínú wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú.

Báwo ni mo ṣe lè ya ọwọ́ mi láti òkè, bí mo bá ń yanjú ìṣirò tàbí tí mo ń gé aṣọ?

Ẹ gbé àga méjì dojú kọra, ẹ tẹ́ pákó kan lé wọn, ẹ sì jẹ́ kí ojú kámẹ́rà yọ síta létí pákó. Ẹ fi àpò ìrẹsì kékeré tàbí ìwé tó wúwo tẹ ìdí fóònù mọ́lẹ̀. Láti ojú kámẹ́rà dé orí ìwé, 40 sí 50 cm tó. Bí ọwọ́ ọ̀tún lẹ fi ń kọ̀wé, kí ìmọ́lẹ̀ ti òsì wá, kí òjìji ọwọ́ má baà bo ohun tí ẹ ń kọ.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbí ni pé fídíò á jáde ní òòró tàbí kí orí rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Fóònù tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ gbọnrangandan kì í mọ ibi tí ó dojú kọ. Ẹ kọ́kọ́ gbé e dúró ní ìbú, ẹ tẹ bọ́tìnì gbígbà, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó wá tẹ́ ẹ sórí pákó. Á ti pinnu, kò sì ní yí i padà mọ́.

Bírò lásán kò hàn. Máàkà ni kí ẹ lò, kí lẹ́tà tó 1 cm ní gíga. Ìdajì ojú ewé A4 ni kí kámẹ́rà rí lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Àwọn tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ aṣọ rírán, ẹ tẹ́ páálí tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sábẹ́ aṣọ. Aṣọ búlúù lórí tábìlì dúdú, kò sẹ́ni tó máa rí ibi tí ẹ gé e sí.

Tí mo bá kọ Yorùbá sórí fídíò, àmì ohùn á di àpótí kéékèèké tàbí kó fò kúrò lórí lẹ́tà rẹ̀. Kí ni ṣíṣe?

Lẹ́tà bíi «ẹ» ní ibùgbé tirẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, «é» náà ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n «ẹ́» kò ní: «ẹ» pẹ̀lú àmì tí wọ́n gbé lé e lórí ni. Fọ́ǹtì tí wọn ò ṣe fún èyí ò mọ ibi tí yóò gbé àmì náà sí, ó sì lè fi àpótí rọ́pò rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn fọ́ǹtì ológe inú àwọn ètò àtúnṣe orí fóònù ni ìṣòro yìí wà lára wọn. Noto Sans, Charis SIL àti Gentium mọ̀ ọ́n gbé.

Bí ètò tí ẹ ń lò kò bá gbà kí ẹ mú fọ́ǹtì tiyín wọlé, ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà sórí síláìdì lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tọ́jú síláìdì náà bí àwòrán PNG, kí ẹ sì gbé àwòrán yẹn wọ inú fídíò. Àwòrán kì í fọ́ àmì.

Ìtóbi tún ṣe pàtàkì fún wa ju fún ẹni tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì. Bí lẹ́tà bá kéré, tí fídíò sì wá sílẹ̀ sí 360p lọ́wọ́ ọmọ, àmì orí àti èyí tó wà nísàlẹ̀ ló kọ́kọ́ ń pòórá. Ọkọ̀ Ẹ̀bútẹ́ á di ọkọ ìyàwó. Kí gíga lẹ́tà má dín sí ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún gíga àwòrán. Dúdú lórí funfun, tàbí funfun lórí dúdú. Ẹ yẹra fún pupa lórí búlúù: fídíò ń tọ́jú ìmọ́lẹ̀ ní kíkún, ṣùgbọ́n ìdá kan nínú mẹ́rin péré ló ń tọ́jú nínú kúlẹ̀kúlẹ̀ àwọ̀, nítorí náà etí lẹ́tà aláwọ̀ á máa ṣú.

Fún àkọlé ìsàlẹ̀ fídíò, ìyẹn fáìlì SRT, ẹ rí i pé UTF-8 (ọ̀nà ìtọ́jú lẹ́tà tó gba àmì Yorùbá) ni ẹ yàn nígbà tí ẹ ń tọ́jú u. Bí ẹ bá gbàgbé, gbogbo «ọ» á di àmì ìbéèrè.

Wọ́n mú iná lọ nígbà tí mò ń gba ojú kọ̀ǹpútà sílẹ̀, fáìlì náà ò sì ṣí mọ́. Ṣé mo lè rí i padà?

Ó ṣòro. MP4 lásán, irú fáìlì fídíò tó wọ́pọ̀, kì í kọ àkójọ ohun inú rẹ̀ àfi ní ìparí. Bí iná bá lọ kó tó dé ìparí, fáìlì náà á tóbi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó fẹ́ ṣeré rẹ̀ kò ní mọ ibi tí ohunkóhun wà nínú rẹ̀.

Ẹ dènà rẹ̀. Nínú OBS Studio, ètò tí ń gba ojú kọ̀ǹpútà sílẹ̀, ẹ lọ sí Settings, ẹ wọ Output, ẹ yí Recording Format sí MKV, irú fáìlì fídíò míì. MKV máa ń ṣí títí dé ibi tí iná ti lọ. Tí ẹ bá parí, ẹ tẹ File, ẹ mú Remux Recordings, á sọ ọ́ di MP4 láìba nǹkan kan jẹ́. Egbin tí wọ́n ti ń pèsè iná kò jìnnà sí wa níhìn-ín, ṣùgbọ́n iná tó wà nítòsí kọ́ ni iná tó wà nílé. Ẹ máa fi MKV gba gbogbo ẹ̀kọ́, kódà nígbà tí ìnfátà bá wà.

Àwọn nọ́ńbà wo ni kí n tò nígbà tí mo bá ń gbé fídíò jáde?

Fún ẹ̀kọ́ tó ń lọ sórí fóònù: 854×480, àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú àáyá, H.264 (ọ̀nà tí wọ́n fi ń fún fídíò pọ̀), 600 sí 800 kbps (kílóbíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan). Ohùn AAC (ọ̀nà tí wọ́n fi ń fún ohùn pọ̀), 64 kbps, mono (ohùn ọ̀nà kan). Fún ẹ̀kọ́ tí ìkọ̀wé rẹ̀ pọ̀: 1280×720, 1,500 sí 2,000 kbps, ohùn 96. A ò gbà yín níyànjú 1080p àfi tí ẹ bá ń fi hàn bí wọ́n ṣe ń fi òjé jó wáyà iná pọ̀ tàbí iṣẹ́ míì tí fínnífínní rẹ̀ ṣe pàtàkì.

Ìṣirò ìwọ̀n rẹ̀ rọrùn: ẹ ro kbps àwòrán àti ti ohùn pọ̀, ẹ fi iye ìṣẹ́jú àáyá sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ pín in sí mẹ́jọ, KB lẹ máa rí. 700 àti 64 jẹ́ 764. Ìṣẹ́jú kan á jẹ́ nǹkan bíi 5.7 MB, fídíò ìṣẹ́jú mẹ́fà á jẹ́ 34 MB. Ní 720p, pẹ̀lú 1,800 àti 96, ìṣẹ́jú mẹ́fà á tó 85 MB. Fún ẹ̀kọ́ ogún, ọmọ kan á jẹ dátà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 700 MB ní àkọ́kọ́, á sì jẹ 1.7 GB ní èkejì. Àpò òbí ni ìyàtọ̀ yẹn ti ń jáde.

Ẹni tó mọ ffmpeg lò, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń tẹ àṣẹ sí láti yí fídíò padà, lè fi ìlà yìí ṣe gbogbo rẹ̀:

`ffmpeg -i eko1.mov -vf scale=-2:480 -r 25 -c:v libx264 -preset slow -crf 26 -pix_fmt yuv420p -c:a aac -b:a 64k -ac 1 -movflags +faststart eko1.mp4`

Nọ́ńbà crf ni kí ẹ máa fọwọ́ kàn: bó bá ṣe ga tó ni fáìlì á ṣe kéré tó. Láàárín 24 sí 28 ni kí ẹ máa dán an wò. Síláìdì tí kò mira á kéré gan-an ní 28, ojú rẹ̀ ò sì ní bàjẹ́.

Fáìlì náà kéré, síbẹ̀ ó ń pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣeré.

Àkójọ ohun inú MP4 tí a sọ lẹ́ẹ̀kan wà ní ìdí fáìlì. Ẹ̀rọ tó fẹ́ ṣeré gbọ́dọ̀ wá a rí kó tó lè bẹ̀rẹ̀, lórí sáfà míì ó tiẹ̀ máa ń gba gbogbo fáìlì sílẹ̀ nítorí ẹ̀. Ẹ gbé e wá sórí. Nínú HandBrake, ètò kọ̀ǹpútà míì tí ń yí fídíò padà, ẹ fi àmì sí Web Optimized. Èyí tí ẹ ti ṣe tán, ẹ lo `ffmpeg -i atijo.mp4 -c copy -movflags +faststart tuntun.mp4`, kò ní tún fídíò náà ṣe, á kàn tò ó, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló sì ń gbà. Fídíò orí YouTube ò nílò èyí, wọ́n ń tún gbogbo rẹ̀ ṣe fúnra wọn.

Ẹnu àti ohùn bára mu ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di ìparí, ẹnu ti ṣáájú ọ̀rọ̀.

Iye àwòrán fóònù kì í dúró lójú kan. Bí yàrá bá ṣókùnkùn, á já láti 30 sí 24 tàbí 20. Ètò àtúnṣe á sì kà á bíi pé 30 ni jálẹ̀. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe kankan, ẹ kọ́kọ́ gba inú HandBrake kọjá, ẹ mú Constant Framerate. Ẹ fi ìmọ́lẹ̀ kún un nígbà míì.

Olùkọ́ Yorùbá ni mí. Àwọn ọmọ ní àwọn ò mọ ìyàtọ̀ «s» àti «ṣ» nínú fídíò mi.

Wọn ò parọ́. Ohùn òkè, ohùn ìsàlẹ̀ àti ohùn àárín wà nínú ìró ìsàlẹ̀, bí 100 sí 300 Hz, ìyẹn kì í bàjẹ́ bọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n agbára «s» wà lókè 4 kHz, ti «ṣ» sì bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ ìyẹn díẹ̀. Ohunkóhun tó bá gé orí ìró kúrò á sọ méjèèjì di ọ̀kan. «Ó ń sá ẹja» á wá di «ó ń ṣá ẹja», ẹja tó yẹ kó wà lóòrùn á bọ́ sábẹ́ àdá.

Ohun mẹ́ta ló ń gé e. Àkọ́kọ́ ni gbígba ohùn pẹ̀lú ẹ̀rọ etí Bluetooth. Àwọn tó ti pẹ́ kì í gbé ohun tó kọjá bíi 4 kHz nígbà tí máìkì wọn bá ń ṣiṣẹ́. Máìkì oníwáyà ni kí ẹ lò. Èkejì ni yíyọ ariwo ní àyọjù: nínú Audacity, ẹ má kọjá 12 dB, torí ariwo fáànù àti «s» jọra létí ẹ̀rọ. Ẹ̀kẹta ni fífún ohùn ní kbps tó kéré jù. AAC 64 mono tó. Bí ẹ bá já a sí 24 nítorí dátà, 40 kbps lẹ rí fi pamọ́, ẹ sì ti ba ẹ̀kọ́ jẹ́. Àwòrán ni kí ẹ gé.

Kí ohùn tó ga jù dúró ní -6 dB. Èyí tó bá kan 0 á ya, kò sì sí oògùn fún un.

Ibo ni kí n gbé e sí: WhatsApp, Telegram, Google Drive àbí YouTube?

YouTube ni fún ọ̀pọ̀ olùkọ́, kí ẹ fi sí Unlisted: ẹni tó bá ní línkì nìkan ló máa rí i, á sì máa wá sílẹ̀ fúnra rẹ̀ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá rọ̀. Fídíò tó ju ìṣẹ́jú 15 lọ nílò kí ẹ fi nọ́ńbà fóònù jẹ́rìí àkáǹtì. Tí ẹ bá gbé e sókè tán, ẹ má pín línkì lójú ẹsẹ̀. Èyí tí kò mọ́ ló kọ́kọ́ ń jáde, èyí tó mọ́ á tẹ̀lé e. Bí ẹ bá yàn án pé àwọn ọmọdé ni wọ́n ṣe é fún, ibi ìbéèrè nísàlẹ̀ fídíò á tì pa, ẹ wá ọ̀nà míì gba ìbéèrè wọn.

WhatsApp máa ń tún fídíò fún pọ̀, ìkọ̀wé á sì ṣú. Bí ẹ bá fi ránṣẹ́ bí document, kò ní fọwọ́ kàn án, ó sì gba títí dé 2 GB, ṣùgbọ́n kì í ṣàn: ọmọ gbọ́dọ̀ gbà á tán. Telegram náà gba 2 GB, ó sì ń ṣàn. Lórí Drive, ẹ yí i sí Anyone with the link, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ó jí bá ogójì lẹ́tà tó ń tọrọ àyè.

Fún ilé tí fóònù kan ń yí ká ọmọ mẹ́ta, ẹ kó ẹ̀kọ́ ogún ti 480p sórí káàdì 1 GB. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Fídíò iPhone mi ń dún lórí fóònù àwọn kan, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dúdú.

HEVC, ọ̀nà ìfúnpọ̀ fídíò tó tuntun ju H.264 lọ, ni iPhone fi yà á, fóònù tó ti dàgbà ò sì mọ̀ ọ́n kà. Settings, Camera, Formats, Most Compatible. Èyí tí ẹ ti yà, ẹ gbé e gba inú HandBrake sí H.264.

Ṣé mo lè fi ojú àwọn ọmọ kíláàsì hàn, kí n sì fi orin sí i?

Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà ti 2023 béèrè ìyọ̀ǹda òbí tàbí alágbàtọ́ kí ẹ tó lo ìsọfúnni ọmọdé, ojú àti ohùn wà lára rẹ̀. Ẹ gbà á lórí ìwé, kí ó sọ ibi tí fídíò ń lọ àti ìgbà tí ẹ máa yọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu níwájú géètì ilé-ẹ̀kọ́ ò tó. Èyí tó rọrùn jù ni kí ẹ ya ọwọ́ wọn àti ìwé wọn, kí ojú má wọ̀ ọ́. Ẹ wo ẹ̀yìn náà: orúkọ lára yúnífọ́ọ̀mù, ìwé máàkì lára ògiri.

Orin kò kọ́ ọmọ ní nǹkan kan. Ti olórin tó lórúkọ lè jẹ́ kí wọ́n pa ohùn fídíò yín, gbogbo ẹ̀kọ́ á sì bá a lọ. Ẹ yọ ọ́.

Ilé-ẹ̀kọ́ wa ní wẹ́ẹ̀bù tirẹ̀. Ṣé a ò lè gbé fídíò síbẹ̀ fúnra wa?

Ó ṣeé ṣe, ẹ ṣírò ná. Akẹ́kọ̀ọ́ 300, fídíò 34 MB: 10 GB ti lọ lórí ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo. Àyè sáfà olówó pọ́ọ́kú kì í gbé e, òmíràn ò tiẹ̀ gba fídíò nínú àdéhùn rẹ̀. Ẹ kà á kí ẹ tó sanwó ọdún.

Bí sáfà bá tó, HLS lẹ máa lò, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n fi ń mú fídíò ṣàn ní ègé-ègé. Wọ́n á gé fídíò sí ègé ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà-mẹ́fà, ní ìpele mẹ́ta: 426×240 ní 250 kbps, 640×360 ní 500, 1280×720 ní 1,800. Fáìlì .m3u8 ló ń sọ fún fóònù ibi tí ègé kọ̀ọ̀kan wà, fóònù á sì máa yan ìpele bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe rí. Ní ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ohùn 64 kan náà ni kí ẹ lò, kí ohùn má baà yí nígbà tí àwòrán bá ń wálẹ̀.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni pé ègé ìpele kan kì í bẹ̀rẹ̀ lójú kan náà pẹ̀lú ti ìpele kejì, fídíò á wá máa fò. Ègé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú odindi àwòrán, ìyẹn keyframe, èyí tí kò gbára lé àwòrán tó ṣáájú rẹ̀. Ní 25 ní ìṣẹ́jú àáyá, ẹ fi `-g 50 -keyint_min 50 -sc_threshold 0` sí gbogbo ìpele. Odindi àwòrán á máa wá ní ìṣẹ́jú àáyá méjì-méjì, mẹ́fà á sì pín in gérégé. iPhone ń ka HLS fúnra rẹ̀. Lórí àwọn kọ̀ǹpútà tí ò mọ̀ ọ́n, ẹ fi hls.js, ètò kékeré tí ń bá wọn kà á, sójú ewé. Bí ó bá ṣeré lórí kọ̀ǹpútà yín tí ò ṣeré lórí sáfà, ẹ wò ó bóyá sáfà ń pe .m3u8 ní `application/vnd.apple.mpegurl`.

Ṣé kò ní sàn kí n kàn máa kọ́ wọn lójú ẹsẹ̀?

Fún ìbéèrè àti ìdáhùn, ó sàn. Fún ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀, rárá: bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín bá já, gbogbo kíláàsì ló já. Fídíò tí ẹ ti gbé sókè, ọmọ lè fi dátà òru wò ó, kó dá a dúró, kó sì tún un wò.

Bí ẹ bá máa ṣe é lójú ẹsẹ̀, ẹ wọn dátà tó ń gòkè, kì í ṣe èyí tó ń sọ̀ kalẹ̀, ní agogo tí ẹ máa kọ́ni gan-an. Kó jẹ́ ìlọ́po méjì ohun tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́: fún 1,000 kbps, ẹ wá 2 Mbps tó dúró. Lórí YouTube, láti fóònù, ẹ nílò ó kéré tán alátẹ̀lé 50, ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá sì béèrè àyè rẹ̀, ó lè gba wákàtí 24 kó tó ṣí. Ẹ má dúró di àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò. Ẹ fi SIM nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn sínú fóònù kejì, kí hotspot rẹ̀ ti wà ní títàn. Lẹ́yìn tí ẹ bá parí, ẹ gé ìṣẹ́jú márùn-ún «ṣé ẹ ń gbọ́ mi?» ti ìbẹ̀rẹ̀ kúrò kí ẹ tó fi í sílẹ̀ fún àwọn tí ò sí níbẹ̀.